Èdìdì Táyà Ẹ̀yìn

"Àṣàbí, sọ̀kalẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ń jò."

Àṣàbí kò sọ̀kalẹ̀. Ó tún tẹ pẹ́dà, ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀: fùù, fùù, fùù, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ojú ihò náà bá yí kanlẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀. Bó bá gòkè, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́ kó dí ara rẹ̀," ló wí. "Oje wà nínú ẹ̀. Mo bu sí i láàárọ̀."

"Mo mọ̀ pé o bu sí i. Ó yẹ kó ti dí, kò sì dí. Sọ̀kalẹ̀, kí rìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyìí ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀nà náà bò ó. Ọ̀nà ńlá àtijọ́ ni, èyí tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, tí àwọn àgbà máa ń sọ pé ọkọ̀ máa ń tò sórí rẹ̀ bí èèrà nígbà tí epo ṣì wà. Koríko ti hù láàárín ọ̀dà rẹ̀ báyìí. Igi kan ti gba àárín ọ̀nà gan-an, ó sì ti di géńdé igi tó ní ìbòòji. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Oòrùn wà lókè bí ẹyin tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, tí ènìyàn lè tẹjú mọ́ kí ojú má ro ó. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ibùdó kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, kò tíì rí ẹnì kankan, àfi ọ̀bọ kan tó jókòó sórí pátákó tó ń tọ́ka sí ìlú tí kò sí mọ́.

"Ẹ̀gà, ibo la dé?"

"A ti kọjá ìdajì. Ó ku odò kan àti òkè méjì."

Ẹ̀gà ló sọ kẹ̀kẹ́ náà, nítorí pé ẹyẹ ẹ̀gà kì í sinmi ẹnu. Gbogbo kẹ̀kẹ́ Ilé Ọ̀nà, ilé iṣẹ́ tí Àṣàbí ń bá gbé ẹrù kiri, ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n kò ju "ẹ yà sọ́tùn-ún" àti "ẹ rọra, mà" lọ. Àṣàbí ló kọ́ tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà òjò kan tí odò kún, tí àwọn méjèèjì há sínú ahoro ilé ẹ̀kọ́ kan, ló sọ fún un pé Àṣàbí ni ìyá òun máa ń pe òun, àti pé láti ìgbà tí ìyá ti lọ, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Mojírádé ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. "Mà" ni lẹ́nu àwọn yòókù. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti gbé oríkì náà mì. Àṣàbí kọ́kọ́ bá a wí pé, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ẹ̀gà sì fèsì pé, "Mo ti gbé ọ pẹ́ ju bí ìyá rẹ ṣe pọ̀n ọ́ lọ."

"Obìnrin Ìdí-Ògán tún ń pè," Ẹ̀gà wí. "Ṣé kí n ṣí i?"

"Ṣí i."

Ohùn Àrínọlá jáde láti inú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Àṣàbí kò tíì rí obìnrin náà rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀, láti àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?"

"Mo wà lójú ọ̀nà. Báwo lẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Ó ti wú dé orókún. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣá. Ó ń bú mi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹní."

"Tó bá ń bú ẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa bú ẹ."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ní oògùn yẹn gbọ́dọ̀ wọ ara ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró o."

"Mi ò dúró," ni Àṣàbí wí. Bẹ́ẹ̀, ó ti da kẹ̀kẹ́ dojú dé, ó sì ti kúnlẹ̀ tì í.

Paramọ́lẹ̀ ló bu ọkọ Àrínọlá jẹ nídìí ẹ̀gẹ́. Ká ní ìgbà òjò ni, ẹyẹ onírin Ilé Ọ̀nà ì bá ti gbé oògùn náà dé Ìdí-Ògán kí ọkùnrin náà tó délé láti oko. Ṣùgbọ́n nínú eruku ọyẹ́, ẹyẹ onírin kì í ríran, kì í sì í fò. Ìdí nìyẹn tí Ilé Ọ̀nà fi ṣì ń tọ́jú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn bíi tirẹ̀ tí ìrun orí wọn ti ń funfun ṣùgbọ́n tí iṣan ẹsẹ̀ wọn kò tíì gbó. Oògùn náà wà nínú àpótí tútù kan tí ó so mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ.

Táyà náà kò ní tìúbù. Láàárín òun àti rìmù ni afẹ́fẹ́ wà ní tààrà; ètè táyà ló ń fún mọ́ rìmù bí ọmọrí tó bá ìkòkò mu. Oje inú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe láti ara igi ìrẹ́, á máa ṣàn káàkiri bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, afẹ́fẹ́ tó ń sá jáde á ti oje wá sójú ihò, oje á dì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àìmọye ẹ̀gún ni Àṣàbí ti gùn kọjá tí kò mọ̀, àfi tó bá délé tó rí àmì funfun lára táyà bí ìgbẹ́ alángbá.

Ó rọra yí táyà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń mọ atẹ́gùn ju ọwọ́ lọ. Ó tutọ́ síbi tó ti mọ̀ ọ́n lára. Itọ́ hó. Kì í ṣe ẹ̀gún. Èérún irin tó ti dípẹtà ni, láti ara irin tí wọ́n fi ń ṣọgbà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà ọkọ̀. Ó fà á yọ. Ojú ọgbẹ́ náà gùn tó èékánná àtàǹpàkò, ohun tó sì tú jáde kì í ṣe oje funfun tó ki. Omi lásán ni, tó ń gbé kóró wẹ́wẹ́ bọ̀.

"Oje yìí ò rí bó ṣe yẹ kó rí."

"Mi ò lójú nínú táyà," Ẹ̀gà wí. "Ṣé o fẹ́ fi okùn dí i?"

Òfin Ilé Ọ̀nà gba okùn láàyè. Ọ̀já rọ́bà tó lẹ̀ ni, tí wọ́n ń fi òòlu tì bọ ojú ihò láti ìta. Ó ti ọ̀kan bọ̀ ọ́, ó rí i pé kò kún un, ó ti òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé pọ́ǹpù, ó fẹ́ ẹ títí tí táyà fi le. Ó gbọ́. Kò sí nǹkan. Ó gun kẹ̀kẹ́. Kò tíì kọjá igi àárín ọ̀nà náà tí okùn méjèèjì fi ta jáde, pọ́!, tí ọ̀kan sì gbá a ní kókósẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan," Ẹ̀gà wí.

"Má sọ ọ́."

Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ihò tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, inú la ti ń dí i. Ohun tí o bá fi dí i láti ìta, afẹ́fẹ́ á máa tì í lọ. Èyí tí o bá lẹ̀ mọ́ inú, afẹ́fẹ́ kan náà á máa tì í mọ́ ara táyà. Ọ̀tá á di òṣìṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ye é, ní ọjọ́ tó jókòó ti ahoro kẹ̀kẹ́ kan tí kò léèdìdì, tó ń tú u wò lásán, ẹ̀rín ló ń rín.

Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó dé inú, ètè táyà gbọ́dọ̀ ká kúrò lára rìmù, ibẹ̀ gan-an sì ni èdìdì wà: wáyà pupa kan, tín-ín-rín bí irun, tí wọ́n lẹ̀ yí ojú ibi tí táyà ti pàdé rìmù ká. Ẹni tó bá dí i nìkan ni yóò ṣí i. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kọ sára gbogbo nǹkan nìyẹn, sára ààrò, sára aago, sára bàtà ọmọdé pàápàá.

"Pe Ilé Ọ̀nà."

Ọmọkùnrin kan ló dáhùn. "Ẹ káàsán, mà. Adégbìtẹ́ lorúkọ mi. Inú mi dùn láti gbọ́ ohùn yín."

"Jẹ́ kó má tíì dùn ná. Táyà mi ti ya. Mo gbé oògùn paramọ́lẹ̀ dání, mo sì fẹ́ ṣí èdìdì."

"Háà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹyẹ alátùn-únṣe á wá bá yín níbẹ̀ lọ́la, tí eruku bá fúyẹ́."

"Lọ́la, òkú ni n ó fún lóògùn."

"Mà, bí èdìdì bá já, ohùn kẹ̀kẹ́ á kú lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì padà wálé, wọ́n á nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò. Wọ́n á wá gbé e fún—"

"Fún ta ni?"

"Fún ẹlòmíì, mà. Ẹni tó bá já èdìdì ò tún gun kẹ̀kẹ́ mọ́."

"Adégbìtẹ́, ká ní bàbá ẹ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mà, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n ń gbọ́ níbí. Mo ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ ọ́ kó yé èèyàn." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà á re o, mà."

A kì í kí ẹni tí a ní kó jókòó sójú kan pé ọ̀nà á re.

Àṣàbí jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Bó bá fẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé odò. Bó bá gun rìmù lásán, rìmù á ká kó tó gun òkè àkọ́kọ́. Ó wo wáyà pupa náà, ó wo àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú iná rẹ̀ tí kò tóbi ju ojú tanátaná lọ.

Ilé tó ń gbé ní Iléṣà, yàrá kan ni, ẹ̀rọ ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbé oúnjẹ wá. Ó lè lo oṣù kan níbẹ̀ láìgbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

"O ò wí nǹkan kan," ló sọ fún Ẹ̀gà.

"Òfin ní kí n sọ fún ọ pé kí o má já a. Mo ti sọ ọ́ nìyẹn." Ẹ̀gà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tí o bá fẹ́ já a, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fáàfù. Ètè táyà dẹ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ."

"Ṣé ó máa dùn ẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì yadi rí."

"Tí wọ́n bá tún ẹ ṣe, ṣé wàá mọ̀ mí?"

"Màá béèrè pé, 'Ẹ káàárọ̀ mà, kí lorúkọ yín?' Tí o bá fẹ́, o lè sọ fún mi. Tí o bá tún fẹ́, o lè bá mi wí pé mi ò kí ọ dáadáa."

Àṣàbí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Eruku ni, ó sọ fún ara rẹ̀. "Ṣí Ìdí-Ògán fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n?" Àrínọlá ti wà níbẹ̀ kí ó tó pè é, bí ẹni tó gbé etí lé ògiri.

"Gbọ́. Ohùn mi máa dákẹ́ láìpẹ́. Mi ò padà sẹ́yìn o. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ tún ṣe. Má fokùn di ẹsẹ̀ ẹ̀, má fi abẹ gé e. Jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"O ò ní mọ̀," ni Àṣàbí wí. "Èmi náà ò ní mọ̀ bóyá ó ṣì wà." Kò rí ọ̀rọ̀ tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ lápò.

"Àṣàbí," Ẹ̀gà wí, "odò yẹn, apá òsì ni kí o gbà. Afárá ọ̀tún ti—"

Wáyà já. Kò dún ju kí èékánná já lọ. Iná kékeré náà kú.

Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò méjèèjì ti ètè táyà láti ẹ̀gbẹ́ fáàfù. Ó dẹ̀ lóòótọ́. Ó bọ́ sínú ikùn rìmù, ó sì fi irin ìkátáyà ká a jáde yíká.

Ohun tó rí nínú táyà mú kó ya ẹnu. Wàrà ni. Oje ti dì sí kóró funfun, kóró funfun, nínú omi tó mọ́ gaara, gẹ́gẹ́ bí wàrà àwọn Fúlàní ṣe máa ń rí nínú igbá. Ó fi ìka bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó kan.

Ó yí sí àpò rẹ̀, ó wo kọ́ọ̀bù tó so mọ́ ọn. Kọ́ọ̀bù yẹn ló fi mu àgbo rẹ̀ láàárọ̀, àgbo tí wọ́n rẹ sínú omikan, omi orí ògì tó ti kan dáadáa. Ó dà á mu tán, kò fọ̀ ọ́, ó sì fi í bu oje gba ojú fáàfù sínú táyà. Oje kì í bá kíkan ṣeré: bí wọ́n bá pàdé, á dì lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń ṣe oje náà kò kọ ọ́ sára ìgò pé kí ènìyàn má fi kọ́ọ̀bù àgbo bù ú. Ta ni yóò ronú kàn án, bí kò ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ fi omikan tọ́ dàgbà?

"Ẹ̀gà, wò ó!" ló kígbe. "Wo ohun tí mo ṣe!"

Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ewé gbígbẹ kan yí kọjá lórí ọ̀dà, ó sì dúró.

Àṣàbí gbọn kóró náà dànù, ó fi gèlè nu inú táyà títí ó fi gbẹ. Ìyókù oje ṣì wà nínú ìgò rẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kan. Ó ya etí gèlè náà, aṣọ òkè àtijọ́ tí òwú rẹ̀ fún, ó ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po méjì. Ó da oje sí i lára títí ó fi mu ún yó, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ láti inú. Bí ó bá dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀, oòrùn á wọ̀. Ó wá mú ìgò àgbo rẹ̀, èyí tó kù fún ìrọ̀lẹ́, ó sì rọra kán omikan sórí aṣọ náà.

Ó dì lójú rẹ̀. Funfun rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó fà, ó sì di ara kan náà pẹ̀lú táyà. Ohun tó ba ti àárọ̀ jẹ́ náà ló ń ṣe ti ọ̀sán. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò sì rí ẹni tí yóò bá rín in.

Ó fi omi mímu fọ ọwọ́ àti kọ́ọ̀bù. Ó da ìyókù oje sínú táyà láti ẹnu ìgò, kọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dá ètè táyà padà, ó fi ọṣẹ dúdú pa á yíká kó lè yọ̀ gorí rìmù. Pọ́ǹpù ọwọ́ kò lágbára tó láti ta ètè náà sáyè rẹ̀: bó ti ń fẹ́ ẹ ni afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó tú okùn àpò rẹ̀, ó fi í di orí táyà yíká bí ìgbànú, ó ti igi bọ̀ ọ́, ó lọ́ ọ. Bí okùn ṣe ń fún ẹ̀yìn táyà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń yọ ikùn síta, tí ètè sì ń sún mọ́ rìmù. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ pọ́ǹpù bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Táù. Ètè kan wọlé. Táù. Èkejì.

Ó tú okùn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti táyà. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́ lù ú.

Ó gùn ún. Fún ìgbà díẹ̀, kò gbọ́ ju èémí ara rẹ̀ àti ìró ṣéènì lọ. Nígbà tí ọ̀nà yà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sókè pé, "Yà sọ́tùn-ún." Ohùn rẹ̀ bà á lẹ́rù, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ní odò, ó gba apá òsì. Nígbà tó ń kọjá, ó rí afárá ọ̀tún: ìdajì rẹ̀ ti wà nínú omi.

Ó ti gun òkè àkọ́kọ́. Oòrùn ti di àwọ̀ osùn, ó ń rì sínú eruku. Ìrònú kan ṣoṣo ló ń tẹ pẹ́dà pẹ̀lú rẹ̀: bóyá ọkùnrin náà ti lọ, bóyá òkú ni òun ń gbé oògùn lọ bá, tí òun sì ti já wáyà yẹn lásán. Kò sẹ́ni tó lè bi.

Àárín òkè kejì ló wà nígbà tó gbọ́ ọ.

"Àṣàbí o!"

Ó tẹ bíréèkì débi pé ó fẹ́ ṣubú. Ó tẹjú mọ́ àpótí kékeré náà. "Ẹ̀gà?"

Iná kò tàn. Ó fi ìka kan án. Ó tutù, eruku ti bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n Àṣàbí oooo!"

Ẹ̀gà kò pè é ní ẹ̀gbọ́n rí láyé.

Ó gbójú sókè. Lórí òkè náà, níbi tí ọ̀nà ti kan ojú ọ̀run, obìnrin kan dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe orúkọ yẹn sínú eruku, orúkọ kan ṣoṣo tó gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ń pè láti àárọ̀, láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Àṣàbí! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Àṣàbí gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ṣì ń bú mi o!" Àrínọlá kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára! Ó ṣì ń bú mi!"

Àṣàbí fẹsẹ̀ lé pẹ́dà. "Mò ń bọ̀!" ló pariwo, ohùn rẹ̀ sì gba orí ọ̀nà náà lọ. "Má jẹ́ kó dákẹ́!"